Onígìtá Inú Ewé Kókò

Ta ni ó ta gìtá nínú fóòtò ẹgbẹ́ olórin ìlú Bantè? Ìbéèrè yìí kò le lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ènìyàn mẹ́rin péré ni ó wà nínú fóòtò náà: onílù méjì, alágogo kan àti onígìtá. Gbogbo ìlú mọ orúkọ àwọn mẹ́ta ìṣáájú. Onígìtá nìkan ni ó fa fìlà gbòòrò bo ojú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni a gbà pé ó dá orin tí àwọn àgbẹ̀ ìlú Gouka ṣì ń kọ lórí ebè di òní.

Latifatou, tí ó kàwé gboyè ní yunifásítì tí ó sì ń gbé ní Savalou, ni ìbéèrè náà bọ́ sí lọ́rùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi oòrùn tẹ fóòtò sára ewé tútù. Yóò tẹ́ ewé kókò sórí pákó, yóò fi àwòrán orí ọ̀rá tí ó mọ́ gaara lé e, yóò fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì gbé e sí oòrùn. Ibi tí oòrùn bá rí lára ewé yóò ṣá. Ibi tí àwòrán bá ṣíji bò yóò tutù bí ó ti wà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ojú ènìyàn yóò yọ láàárín iṣan ewé.

Gbọ̀ngàn kan ní Savalou ti gbà láti gbé àwọn ewé tí ó tẹ fóòtò ìdílé rẹ̀ sí kọ́ sára ògiri nígbà ọdún iṣu tuntun. Òfin kan ni wọ́n fún un: orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá wà lára ewé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ewé ẹgbẹ́ olórin ni ó sì jẹ ẹ́ lógún jù, nítorí bàbá àgbà rẹ̀ ni alágogo. Bí onígìtá kò bá ní orúkọ, ewé náà kò ní rí ògiri.

Ó wá sí Bantè, sí ilé ìyá àgbà rẹ̀, Àríyìkẹ́, níbi tí kókò ti gbilẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀. Fóòtò gan-an ti di oúnjẹ ikán. Fíìmù rẹ̀ nìkan ni ó kù nínú agolo mílíìkì; láti ara rẹ̀ ni Latifatou ti tẹ àwòrán sórí ọ̀rá. Nígbà tí ewé àkọ́kọ́ jáde, àgbà méjì wá wò ó: Chitou aránṣọ, àti Ògúndèjì, àgbẹ̀ Gouka. Bàbá Chitou àti bàbá Ògúndèjì ni wọ́n máa ń gba gìtá lọ́wọ́ ara wọn nínú ẹgbẹ́ náà.

“Èjìká bàbá mi nìyí,” ni Chitou wí. “Aránṣọ ni mí. Bí mo bá rí èjìká, mo mọ ẹni tó ni ín.”

“Èjìká wo, ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀yin tí ẹ rán agbádá mi, tí apá kan gùn ju èkejì lọ! Ẹ wo ìdúró ẹ̀. Ẹni tó ti kọ ebè rí ló ń dúró báyẹn.”

Latifatou gbìyànjú láti fi ọgbọ́n là wọ́n níjà. Ó ní kí oníkálùkù mú ẹ̀rí wá. Chitou gbé fìlà gbòòrò kan wá; Ògúndèjì gbé méjì.

Ìjà náà di ọjọ́ kẹta kí Latifatou tó fi ara balẹ̀ wo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí onígìtá. Ó rí i pé láti ẹ̀yìn wá síwájú ni ènìyàn ń ka orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sára ìlù. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti dojú fíìmù dé nígbà tí ó ń tẹ àwòrán sórí ọ̀rá. Gbogbo ohun tí ó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sósì. Ó tún òmíràn tẹ̀, ó sì ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀.

Lára ewé kejì, orúkọ ìlú ṣeé kà dáadáa. Onígìtá sì ń fi ọwọ́ òsì ta gìtá.

Àwọn àgbà méjèèjì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé náà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wọn, a kì í fi òsì kí ènìyàn, a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà; ọmọ tí ó bá dán an wò, ọwọ́ náà ni wọn yóò nà.

“Àbúrò,” ni Chitou wí jẹ́jẹ́, “kí n má purọ́, ìdúró àgbẹ̀ ni lóòótọ́.”

“Ìdúró àgbẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí èjìká ni? Èjìká bàbá yín pọ́nńbélé!”

“Bàbá mi ò fi òsì mú nǹkan rí láyé ẹ̀.”

“Bàbá tèmi ńkọ́? Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni òsì tiẹ̀ mọ̀, n ò sì ní dárúkọ ẹ̀ níwájú Ìyá.”

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ fa ọkùnrin náà ya sí méjì kò fẹ́ gba ìka rẹ̀ kan mọ́. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé àlejò kan láti Togo ni, tí ó ń kọjá lọ. Alùpùpù tí yóò gbé Latifatou lọ sí Savalou ti ń fọn fèrè lójú ọ̀nà. Ó ṣí bírò láti kọ ọ́ pé a kò mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ pé orúkọ kọ́ ni ìyẹn.

“Latifatou, fi bírò yẹn sílẹ̀,” ni Ìyá àgbà wí. “O bi Chitou, o bi Ògúndèjì, o gun alùpùpù dé ìlú Pira lọ bi àwọn tí kò tíì dáyé nígbà náà. Ta ló bi mí?”

“Ìyá, ẹ má bínú.”

“Lọ́jọ́ yẹn, èrò ti kún pápá. Bàbá ẹ̀yin méjèèjì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò ta gìtá, àní bí ẹ ti ń ṣe yìí. Ọkọ mi lu agogo títí apá ń ro ó. Ó mọ̀ pé yàrá mi ni gìtá yẹn máa ń sùn, ó sì mọ ohun tí òsì mi máa ń fi ṣe tí wọ́n bá ti lọ sóko. Ló bá ṣí fìlà orí ẹ̀, ó fi dé mi lórí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni Chitou wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ewé. “Ta ló wá ta gìtá ọ̀hún, Ìyá?”

Ìyá àgbà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò mọ ìwé.

“Èmi Àríyìkẹ́ ni.”