Fèrè Orí Àpótí Attracta

Láti ìgbà tí Senan ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni Attracta Hehir máa ń rẹ́rìn-ín tó dénú. Tí Máàsì bá ti parí, á lọ sílé, á jẹ ọ̀dùnkún àti ẹran tó ṣẹ́ kù, á mú fèrè páànù rẹ̀ lójú fèrèsé, á sì gba ilé ọtí Nonie lọ. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, òun àti Malachy Talty tó ń ta fáyólìn, àti Dympna Marrinan tó ń lo kọnsatínà, dùùrù kékeré tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń fún láàárín ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á jọ ṣeré títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Àpótí mẹ́ta ló wà nídìí iná náà. Èyí tó fẹ̀yìn ti ògiri ni ti Attracta. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tí àlejò bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, Nonie á ní kó dìde kíá.

Ní Kilcorran, abúlé wọn, wọn kì í fi ẹnu gba àyè sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti gba àpótí kan, ohun èlò orin rẹ̀ ló máa gbé lé e. Tí o bá ti bá fèrè lórí àpótí, o ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, ibòmíràn ni wàá wá jókòó sí.

Ìdí nìyẹn tí àyà Attracta fi já lọ́jọ́ Ìsinmi kan nígbà tó wọlé, tó bá fèrè lórí àpótí tirẹ̀. Fèrè tuntun ni, ó ń dán, orí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ó wo Malachy. Malachy dorí kodò, ó ń lọ́ okùn fáyólìn rẹ̀. Ó wo Dympna. Dympna wúkọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó jókòó, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kó má jókòó. Attracta fa àga kan sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó ń retí kí ẹni tó ni fèrè náà yọjú láti ibi ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ibikíbi tó bá lọ. Ẹnikẹ́ni ò yọjú.

Nígbà tó yá, Malachy bẹ̀rẹ̀ orin. Orin tí ìyá Attracta kọ́ ọ ni, èyí tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dá a sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbé fèrè sẹ́nu láti bá wọn lọ, ohùn rẹ̀ sì forí gbárí pẹ̀lú tiwọn tó fi jẹ́ pé ọkùnrin tó ń sùn sórí ìwé ìròyìn ta jí. Fèrè Attracta, bíi ti gbogbo ayé, ohùn D ni. Àwọn wọ̀nyí ti fi ìdajì ìgbésẹ̀ gòkè lọ sí ohùn E-flat, tí ẹni tó bá mú fèrè D lọ́wọ́ kò ní rí ibi wọlé rárá.

Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí i. Lọ́dún kan tí ọkùnrin ará Dublin kan ń wá da orin rú mọ́ wọn lọ́wọ́, Malachy ló gbé ohùn fáyólìn rẹ̀ ga báyìí, tí Attracta àti Dympna kàn jókòó tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú ife. Kí ọ̀sán náà tó parí, ọkùnrin ará Dublin ti palẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ń ṣe é báyìí, ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Ẹni kan ṣoṣo tó mú fèrè D wọ ilé ọtí náà ni òun.

Ohun tó tún wá mú ara fu ú jù ni kọnsatínà Dympna. Wọn kì í lọ́ ohùn kọnsatínà bí ẹni lọ́ okùn. Ohùn tí wọ́n bá ṣe mọ́ ọn nínú ló máa ní títí tó máa fi gbó. Tí Dympna bá ń bá Malachy lọ ní E-flat, kọnsatínà mìíràn ló gbé wá. Attracta tẹjú mọ́ ọn. Òótọ́ ni, ti tẹ́lẹ̀ dúdú, pupa nìyí. Ẹni tó lọ wá odidi kọnsatínà kò wá ṣàwàdà, ó ti múra sílẹ̀ fún nǹkan.

Ó kúkú mọ ohun tó fà á, àbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà òtútù ni ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, ti wú tó sì le. Kò bo ihò ìsàlẹ̀ fèrè tán mọ́, afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde, ohùn á sì máa ké bí ọmọ ológbò. Fèrè ló máa ń dá lẹ́bi, á ní ó ti gbó. Nonie ló ṣèèṣì bi í lẹ́ẹ̀kan pé báwo ni ọwọ́, Attracta kò sì bá Nonie sọ̀rọ̀ títí Àjíǹde fi kọjá. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ọwọ́ Attracta ní Kilcorran mọ́.

Nígbà tó dìde tó ń lọ, Malachy dìde díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún jókòó. Attracta rí i, ó sì kà á mọ́ ẹ̀rí tó ń kó jọ.

Ó rò ó títí tíì fi tutù níwájú rẹ̀ nílé. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn, ìyẹn ò ṣòro mọ̀. Ẹlòmíràn tí ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Inú bí i, omi sì lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sunkún nítorí àwòrán Senan ń wò ó lára ògiri. Tí wọ́n bá gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa fi ọjọ́ Ìsinmi ṣe? Kó máa gbọ́ rédíò? Ó pinnu pé òun ò ní lọ bíi ti ará Dublin. Bó bá jẹ́ E-flat ni wọ́n ń fẹ́, E-flat ni wọ́n máa gbọ́ lọ́wọ́ òun.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Ennis, sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin Fintan Crotty. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n ni Fintan, ó lọ́wọ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ káàsán, mà. Kí lẹ fẹ́ ká fi hàn yín?"

"Fèrè páànù. Ohùn E-flat."

Fintan gbójú sókè. "E-flat kẹ̀? Odidi ọdún lè kọjá kẹ́nikẹ́ni tó béèrè ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìkejì láìpẹ́ yìí."

"Ta lẹni àkọ́kọ́?"

"Bàbá kan láti Kilcorran ni. Malachy Talty. Àbí ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo máa ń rí i," ni Attracta wí.

"Ó pẹ́ níbí o, mà. Kò mọ fèrè fọn, èmi ló ní kí n máa fọn ọ́n létí òun. Olórí aláwọ̀ ewé ló padà mú."

"Ṣé ara ẹ̀ ló rà á fún?"

"Rárá o. Obìnrin kan ni. Ó ní nínú gbogbo àwọn tóun ti jókòó tì láyé òun, kò sẹ́ni tó mọ fèrè fọn tó o."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Attracta láyà. Láti ìgbà tí Malachy ṣì ní irun lórí ni wọ́n ti jọ ń ṣeré, kò yìn ín rí. Bí orin bá dùn tó bí kò lè dùn tó, ohun kan náà ló máa ń wí tó bá parí, á gbé ife rẹ̀, á ní, "Kò burú." Èyí tí kò tíì wọlé sí Kilcorran ni wọ́n ti wá ń yìn ní Ennis.

"Ṣé obìnrin náà rẹwà?" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Fintan rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò jáde lẹ́nu ẹ̀, mà. Ohun tó sọ ni pé ẹnu obìnrin náà mú bí abẹ."

"Á ṣe é lóore," ni Attracta wí. "Ẹ gbé fèrè wá."

Mẹ́ta ló gbé síwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú èyí tó wúwo jù, onírin funfun, tí orí rẹ̀ ṣeé fà síwá sẹ́yìn, ara sì fu ú lójú ẹsẹ̀ torí pé òun ni Fintan ń tì síwájú. Ó fọn ọ́n. Ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn, Attracta kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìròyìn fún òun nínú orin. Ó gbé e sílẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti páànù tí wọ́n ká, tí wọ́n ki igi bọ̀ lẹ́nu. Ó ń gbé èémí mì ju ohun tó ń pọ̀ jáde lọ. Ìkẹta ni ti idẹ. Èyí gbóná nísàlẹ̀, ó sì há díẹ̀ lókè, bí ẹni tó jí láàárọ̀ tí kò tíì mu tíì. Attracta fọn ún lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ihò tó kẹ́yìn.

Ìka rẹ̀ bò ó.

Ó yọ fèrè lẹ́nu, ó wò ó. Ó mú fèrè D tirẹ̀ jáde nínú báàgì, ó fọn ìyẹn lọ sísàlẹ̀. Ó ké bí ọmọ ológbò. Ó padà sí ti idẹ. Ìka tún bò ó. Fèrè E-flat kúrú ju ti D lọ díẹ̀, àwọn ihò rẹ̀ sì fi díẹ̀ súnmọ́ra. Ìyàtọ̀ náà kéré tó fi jẹ́ pé ojú lè fo ó, ṣùgbọ́n ìka tó le mọ̀ ọ́n.

"Ṣé nǹkan wà, mà?" Fintan ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Fèrè yín ni mo ń yẹ̀ wò. Ẹ má yẹ èmi wò."

Ó ra ti idẹ náà. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń di báàgì mú ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè, ó ń ro ohun tó máa sọ lójú obìnrin yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, ó wọ ilé ọtí Nonie tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Fèrè olórí ewé tún wà lórí àpótí rẹ̀. Kọnsatínà pupa wà lórí itan Dympna. Malachy lẹ báńdéèjì mọ́ ìka rẹ̀ kan, níbi tí okùn fáyólìn ti já gé e.

"Attracta," ni Malachy wí.

"Malachy."

"Òjò ti dá."

"Ó ti dá. Ẹni tó ni fèrè yìí ńkọ́?"

Malachy wo Dympna. Dympna wo iná.

"Ó ti dé," ni Malachy wí.

Attracta yíjú wo gbogbo ilé. Nonie ló ń nu ife, ọkùnrin oníwèé ìròyìn sì ń sùn.

"Níbo ló wà?"

"Ó wà lórí ìdúró. Kò tíì bọ́ kóòtù."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Malachy Talty. Mo ti dé Ennis, Fintan ti tú u síta fún mi. O ti rí obìnrin kan tó mọ fèrè fọn ju gbogbo ayé lọ, ẹ fẹ́ gbé e jókòó sórí àpótí mi. Ẹ sọ ọ́ lójú mi, kí n gbọ́."

Malachy pọ́n títí dé etí. "Fintan yẹn, ẹnu ẹ̀ ò ní ìlẹ̀kùn," ló wí.

"Obìnrin wo, Attracta?" Dympna ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Àpótí ta la gbé e lé? Malachy bá ẹ ra fèrè, ẹ̀rù ń bà á láti fi lé ẹ lọ́wọ́, a wá gbé e síbi tí wàá ti rí i. Ìwọ wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-orí. A rò pé inú bí ẹ ni, pé a mẹ́nu ba…" Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Pé ẹ mẹ́nu ba kí ni?"

"A ò mẹ́nu ba nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ tí Fintan sọ padà wá sí Attracta lọ́kàn: Kò sẹ́ni tó mọ fèrè fọn tó o. Obìnrin tó ti ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún lójú, òun náà ni. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn.

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi gbé ohùn ga?" Ó ti mọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ bóyá wọ́n máa sọ ọ́ ni.

"Fáyólìn mi ni," ni Malachy wí. "Ó ti darúgbó, ó ní òkè lòun fẹ́."

"Okùn ẹ̀ ń já."

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Dympna, kọnsatínà yẹn ńkọ́?"

"Mo yá a lọ́wọ́ ẹbí mi kan ní Tulla. Pupa ló wù mí."

Irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, irọ́ tí ojú wọn ò tilẹ̀ gbé. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni Attracta ti ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ wò nídìí, tó ń wá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí, ó gbà á bó ṣe wà. Ó bọ́ kóòtù. Ó fi ẹsẹ̀ ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ àpótí, fèrè idẹ yọ orí níbẹ̀, Dympna rí i, ó sì yára wo iná. Attracta mú fèrè olórí ewé, ó jókòó sáyè rẹ̀, ó sì dá orin ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí orin sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìka rẹ̀ bọ́ sórí ihò, ó bò ó. Ohun tó ń ké níbẹ̀ látìgbà òtútù kò ké. Wọ́n ta orin náà yíká, wọ́n tún un ta, wọ́n sì jọ parí rẹ̀ pọ̀.

Malachy gbé ife rẹ̀.

"Kò burú," ló wí.