Súwẹ́tà Tí Mo Hun fún Khoát

Èmi ni mo máa ń há àtùpà fún àwọn awakùsà èédú ní ìlú Uông Bí. Ẹni tó bá wọ aṣọ ọ̀rá kì í gba àtùpà lọ́wọ́ mi. Aṣọ ọ̀rá tó bá ń fara ra ara máa ń ta iná, gáàsì inú ihò ò sì nílò ju kí iná ta pàrà lẹ́ẹ̀kan kó tó bú gbàù. Orin ni mo fi ń lé wọn padà:

Òwú lásán ni kó o wọ̀,
Ọ̀rá ò bá ihò rẹ́,
Bọ́ ọ kó o tó sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà òtútù gbígbẹ ọdún kan, mo hun súwẹ́tà fún Khoát, àbúrò mi. Ẹni tó ta òwú fún mi ní irun àgùntàn ni. Àbúrò mi ni, n ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́, mo fún un ní àtùpà, ó wọlẹ̀ lọ.

Mo jókòó, mo ń fi òwú tó kù hun ìbọ̀sẹ̀. Ó ta mí lọ́wọ́ bí iná. Mo fà á, ó tún ta mí. Mo ṣáná sí i létí. Irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tó jó. Eléyìí yọ́, ó ṣù, ó le kóró. Ọ̀rá ni.

Mo sáré sídìí tẹlifóònù ihò. Ngạn, olórí wọn lábẹ́ ilẹ̀, ló gbé e.

"Khoát dà?"

"Ó wà níbí. Gáàsì ń pọ̀ sí i, a ti fẹ́ máa jáde. Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin yìí ti dàgbà o, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

"Súwẹ́tà ọrùn ẹ̀, ọ̀rá ni."

"Màá ní kó bọ́ ọ kíá."

"Má dán an wò. Bíbọ́ yẹn gan-an ló máa ta iná. Kó rọra rìn, kó má sá, títí ẹ ó fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé."

"Ó ti ń ṣí bọ́tìnì, Ẹ̀gbọ́n. Ooru ń mú un."

Mo gbọ́ ohùn Ngạn lọ́ọ̀ọ́kán: "Khoát, má bọ́ ẹ̀wù ẹ." Lẹ́yìn ìyẹn, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo di tẹlifóònù náà mú. Èmi olórin, orin kan ò wá sí mi lẹ́nu.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Òógùn ti bo Khoát bí ẹni tí òjò pa. Nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ló ti bọ́ súwẹ́tà náà, iná sì ń ta pàràpàrà lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó ṣí kọ́là ẹ̀ kí n wo ohun tó wọ̀ sábẹ́, kí n tó fún un ní àtùpà.

"Àbúrò yín ni mí o."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn."