Ewéko Dí Ẹnu Odò Mọ́ Wa

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ọláwuyì, wọ odò náà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ní aago méje àárọ̀, mo gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìkòròdú. Afọlábí, tí a jọ ka ìwé alẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, ló bá mi rí iṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tí wọn kò bá rí ní géètì lásìkò, ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa mú wọlé.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ka ìwé alẹ́ yẹn. Láti orí omi ni mo ti máa ń lọ síbẹ̀ tààrà. Mo máa ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ òórùn ẹja kì í kúrò lára mi. Olùkọ́ gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò sọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò ti máa ń fọ́n sí mi lára. Mo jókòó síbẹ̀ títí mo fi yege.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà nítorí iṣẹ́ náà. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú, inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí a fi ń pẹja tí a sì fi ń ṣọdẹ ló sì ti tọ́ mi. Òun a jókòó síwájú pẹ̀lú àwọ̀n tàbí ìbọn ṣakabùlà, èmi a wà ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ, ó ní ó dáa. Ìyàwó rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, tó ń ta ẹja wa lọ́jà, ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n rọra di bírò mú o, pé ọwọ́ tí ẹja àrọ̀ ti ń yọ̀ bọ́ láti kékeré kò ní pẹ́ jẹ́ kí bírò náà bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló ní kí n bá òun wọ odò lẹ́ẹ̀kan sí i, pé a ó ti padà délé kí ọ̀sán tó pọ́n.

Odò tóóró ni. Ẹnu rẹ̀ ṣí sí ọ̀sà ní gúúsù, ẹrẹ̀ àti igbó ló wà lápá kejì. Tí omi bá kún, àwọn òyà a sá gun àwọn orí ilẹ̀ kéékèèké tó yọ láàárín ẹrẹ̀. Ẹni tó bá lè yọ́ wakọ̀ dé ibẹ̀, tí kò jẹ́ kí àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò bá wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ló mọ̀ pé a kì í pẹ́ nínú odò yẹn. Lọ́sàn-án ni afẹ́fẹ́ òkun máa ń dìde. Á kó ewéko tó ń léfòó lójú ọ̀sà, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, á sì rọ́ ọ wọ ẹnu odò. Tó bá ti dí, kò sí àjẹ̀ tó lè là á. Ọkọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ yóò dúró síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi yí padà, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Láàárọ̀ a rí òyà méjì. Èyí àkọ́kọ́ kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, kò jìnnà rárá. Ẹ̀gbọ́n mi yìnbọn, kò bà á. Èkejì náà, kò bà á. A lọ wo àwọn ìgèrè tó ti dẹ sílẹ̀, a bá ẹja díẹ̀ níbẹ̀. Oòrùn ti ń gòkè. Mo ní ká máa lọ. Ó ní ó ku ìgèrè kan níwájú. A wá a títí. Ó ní apá ọ̀tún ni, nígbà tó yá ó ní apá òsì ni. Mo rán an létí afẹ́fẹ́. Ó ní kí wọ́n tó bí mi lòun ti ń wọ odò yẹn. Òótọ́ ni, ewéko kò ká a mọ́bẹ̀ rí lójú mi.

Nígbà tí a máa yíjú padà, odò ti di pápá. Láti bèbè kan dé èkejì, ewé àti òdòdó ni. Mo fi àdá gé e títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Èyí tí mo bá gé á tún so pọ̀ lẹ́yìn wa. Ó ń wọlé bọ̀ ṣáá, títí ọkọ̀ kò fi lè lọ síwájú, tí kò lè lọ sẹ́yìn.

Mo fa àpò oúnjẹ yọ láti mu omi. Gààrì tó lè tó ẹni méjì jẹ fún ọjọ́ mélòó kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀, ìṣáná, kẹ́ẹ̀gì omi ńlá àti aṣọ ìbora. Ìrìn àárọ̀ sí ọ̀sán la sì ní à ń lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ̀ pé á dí."

Ó ń tú ẹja kúrò nínú ìgèrè, kò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá."

"Tí mo bá ní kí o má lọ, ṣé wàá gbọ́?" Ó gbé ìgèrè náà sílẹ̀. "Òyà àárọ̀ yẹn, ibo ló dúró sí?"

Mo ní ìdí igi ni.

"Èmi ò rí igi kankan. Ohun tó ń mì ni mo yìnbọn sí. Ojú mi ti ń lọ, Ìdrís. Ṣẹ̀rífátù pàápàá ò mọ̀. Tí o bá lọ, ta ló máa máa bá mi wò ó?"

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo yọ pákó ìjókòó méjì kúrò nínú ọkọ̀. Báyìí làwọn ará odò ṣe ń rìn lórí ewéko nígbà ìṣòro: wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí pákó kan, wọ́n á ti èkejì síwájú, wọ́n á rá kọjá sórí rẹ̀. Bèbè àríwá, ní òpin odò náà, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tó jáde sí títì, kò ju ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Kò dá mi dúró. Òun ló tilẹ̀ di pákó èkejì mú fún mi. Ó ní kí n má nàró rárá, kí n máa tẹ̀lé ibi tí òdòdó bá ti pọ̀, pé ewé lásán kò ní gbé mi. Ó wá ní, "N kò ní rí ẹ tí o bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Tí mo bá pè ẹ́, máa dáhùn, kí n lè mọ̀ pé o ò rì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rá lọ. Omi tutù, gbòǹgbò ewéko ń wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀, eṣúṣú mẹ́ta lẹ̀ mọ́ mi nítan, n kò sì lè dá ọwọ́ kan sí láti já wọn. Ó ń pè mí, mo ń dáhùn. Oòrùn ti rọlẹ̀ gan-an kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ó tún pè mí. Mo dáhùn pé mo ti gúnlẹ̀. Ó tún pè, bí ẹni tí kò gbọ́. Mo pariwo. Ó tún pè. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó ń gbé ohùn rẹ̀ wá bá mi, ó sì ń dá tèmi padà. Mo rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti ń gbọ́ ìró mọ́tò lórí títì. Ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé mi, ó ti yí padà, ó ti ń gbọ̀n. Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní jókòó sínú ọkọ̀ kó máa rò pé mo ti rì. Yóò wọ inú ewéko yẹn wá mi, òun tí kò ríran.

Mo padà. Mo ní mo kàn máa rá dé ibi tó ti lè gbọ́ mi ni, kí n sọ fún un, kí n sì yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi dáhùn pé òun gbọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, n kò mọ òdòdó yàtọ̀ sí ewé mọ́. Ọkọ̀ ló sún mọ́ mi jù.

Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí wọlé. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó fi pa mí lójú, ó já àwọn eṣúṣú náà. Mo wá rí ife méjì ní ìdí ọkọ̀, gààrì wà nínú méjèèjì. Omi ti tán lójú wọn, gààrì náà ti wú dé ẹnu ife. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ ẹ́.

N kò bi í bóyá ó gbọ́ mi nígbà tí mo pariwo lórí bèbè. N kò tíì bi í títí di òní. Mo gba ife kan, mo jẹ tèmi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó tí mo ń wo oòrùn títí mo fi mọ̀ pé wọ́n ti ṣí géètì ní Ìkòròdú, tí wọ́n sì ti tì í padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti jí. Ó kọjú sí ẹnu odò, ó bi mí pé kí ni mo rí.

Mo ní ewéko ni.