Ohùn Tó Ń Da Géńdé Ṣubú

"Ohùn mi tí ẹ ń gbọ́ yìí," Àrá, káfíńtà kan ní ṣọ́ọ̀bù wa, ló ń bá oníbàárà kan tó wá wo ilẹ̀kùn tó ní ká ṣe fún òun sọ̀rọ̀, "ìgbà tí mo sín lọ́dún tó kọjá, òkè kan ṣí kúrò níbi tó wà. Wọn ò tíì rí i di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo pariwo mọ́ ìjì lẹ́ẹ̀kan, ìjì náà bẹ̀ mí, ó ní òun ṣìnà ni. Géńdé ọkùnrin tó lágbára bí ọkọ̀ akẹ́rù, tí mo bá ti dún mọ́ ọn lẹ́yìn báyìí, láìfi ọmọ ìka kàn án, á nà sílẹ̀ bí pákó."

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi parí ilẹ̀kùn mi. Irọ́ yín ti pọ̀ ju pákó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí lọ."

"Irọ́ kẹ̀? Ẹ ṣì máa fojú yín rí i."

Nínú gbogbo irọ́ tí Àrá ti pa láti ìgbà tí eyín ti hù sí i lẹ́nu, èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ló ní òótọ́ nínú. Òun náà ló sì burú jù.

Géńdé tó ń sọ ò jìnnà. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìfági lódìkejì ṣọ́ọ̀bù: ọkọ ẹ̀gbọ́n Àrá ni, káfíńtà bíi tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀mú. Ẹni tí kò gbé irin rí o, àmọ́ apá rẹ̀ tóbi débi pé tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì, àwọn bọ́tìnnì á máa ké gbà mí. Ìdí tí a fi ń pè é ní Ẹ̀mú ni pé tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ ò ní tètè padà wálé. Á dì í mú, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ìwọ á máa fà á, àfi ìgbà tí ìka rẹ̀ bá tó tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa rò pé eré ló ń bá wa ṣe. Tó bá sì dìde lórí àga, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ á le bíi ti ẹni tí wọ́n fi irin rọ orúnkún fún. Àmọ́ tó bá ti rìn yí ṣọ́ọ̀bù po díẹ̀, ara rẹ̀ á tú, á sì máa dá gbé pákó tí àwa mẹ́ta ń gbé tí a ń kérora.

"Ẹ̀mú," Ọ̀gá wa a máa sọ fún un, "ọ̀lẹ ni ẹ́ láàárọ̀, akíkanjú ni ẹ́ lọ́sàn-án. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni mo gbà síṣẹ́ gan-an?"

A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀mú náà á rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí Àrá máa rí àṣírí náà, pákó kan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀mú. Gbàà! Ẹ̀mú le gbagidi, ó ṣubú gbì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní bàtà òun ló yọ̀. Bàtà wo ló ń yọ̀ lórí èérún igi gbígbẹ? Àrá mọ̀ pé kì í ṣe bàtà. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ di eré. Á yọ́ kẹ́lẹ́ bí ológbò, á lọ sẹ́yìn ọkùnrin náà, á bú jáde: "Họ́ọ̀!" Ẹ̀mú á ṣubú.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," Àrá á ní, "ta ló fi ọkàn adìẹ sínú ara erin yín?"

Ẹ̀mú á gbọn èérún igi kúrò lára. "Àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́, má ṣe é mọ́." Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ò sì rọ́nà wọ etí ẹni tí àrá ń gbé lẹ́nu ẹ̀.

Ọ̀gá wá rán Àrá lọ sí ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kó lọ kan bẹ́ǹṣì tó ti dá lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọdé pagbo yí i ká. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó sọ ti òkè, ó sọ ti ìjì, ó wá dórí ti Ẹ̀mú. "Bàbá Ìyá Kékeré yín yẹn ni mò ń sọ o. Ẹ pariwo mọ́ òun náà lẹ́yìn wò, bóyá á jọ bàbá ẹ̀!" Ó kan ìṣó tó kù, ó relé, ó sùn bí òkúta.

Ìyá Kékeré ni ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n Àrá bí fún Ẹ̀mú, ilé ìwé yẹn náà ló ń lọ. Ó jọ bàbá rẹ̀ lóòótọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀gbọ́n Àrá já wọ ṣọ́ọ̀bù, kò kí ẹnikẹ́ni. "Ọmọ mi ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́," ó sọ fún ọkọ ẹ̀. "Wọ́n ń ju ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ kó lè ṣubú. Lánàá, etí tábìlì ló forí gbá. Dókítà sì ti sọ fún wa, àìsàn kan náà ló wà lára ẹ̀yin méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá bá àwọn òbí àti ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ó ní kí ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́."

"Èmi? Níwájú gbogbo èèyàn?" Ẹ̀mú wolẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń fi bàtà purọ́."

"Tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, ọmọ yẹn náà á fi bàtà purọ́ dalẹ́."

Àrá ń fá pákó kan nítòsí. Ojú kan náà ló ń fá ṣáá, títí èèyàn fi lè fi pákó náà wé búrẹ́dì. Ó yẹ kó jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún àkúnya. Eṣinṣin gan-an ń wá ibi tó máa dúró sí. Ẹ̀yìn pátápátá ni Àrá jókòó sí, ó fa fìlà bojú. Orí ló mọ bó ṣe ṣe é, oníbàárà onílẹ̀kùn náà ló wá jókòó tì í, ọmọ tiẹ̀ náà ń lọ sílé ìwé yẹn.

"Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni," nọ́ọ̀sì sọ. "Iṣan ara wọn tó bá ti fún, kì í tètè tú. Kì í ràn. Ìdílé ni wọ́n ti ń jogún ẹ̀. Nítorí pé ẹni tó ní i ò pọ̀, olúwarẹ̀ á rò pé òun nìkan layé ń bá jà. Àwa tí a ò ní i, àwa á rò pé eré ló ń ṣe."

Ẹ̀mú bọ́ síwájú. Òógùn tó bò ó tó láti fọ mọ́tò.

"Èmi ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀mú. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ di ọwọ́ ẹnì kankan mú rí. Ọwọ́ mi ni kì í tètè tú. Tí ẹ bá dẹ́rù bà mí, màá ṣubú, kì í ṣe ojo ló ń ṣe mí. Tí mo bá wà nílẹ̀ báyẹn, gbogbo nǹkan ni mò ń gbọ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Èmi ti gbọ́ ọ tó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi máa gbọ́ ọ."

Ọ̀gá wa, tó jókòó níwájú, sọ orí kodò. Àwa tó kù ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa.

Ọ̀gá ilé ìwé dìde. "Ẹ̀yin ọmọ, ta ló kọ́ yín ní eré burúkú yìí?"

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Oníbàárà tẹ̀ sétí Àrá: "Ẹ gbọ́ ná, ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ní ẹ máa fi hàn mí nìyí?"

Àrá sì fẹ́ fèsì ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rí.

"Ẹ PANU YÍN MỌ́, WỌN Ò TÍÌ MỌ̀ PÉ ÈMI NI!"

Páànù òrùlé gbé e, ògiri gbé e, ẹni tó ti sun oorun àsùnwọra lójúlé kẹta jí. Gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìwọ?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Ìwọ, ọmọ ìyá mi?"

Ẹ̀mú ti ń bọ̀ láti iwájú. Ariwo náà ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tábìlì tó fara tì ni kò jẹ́ kó ṣubú, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ò sì fẹ́ lọ. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ó dé ọ̀dọ̀ Àrá, ó na ọwọ́ sí i. Kí ni Àrá máa ṣe? Ó bọ̀ ọ́. Ìka Ẹ̀mú sì pa dé.

Ara Àrá bù máṣọ. Ó fẹ́ jókòó, kò ṣeé ṣe. Ó fẹ́ sá, kò ṣeé ṣe. "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo ti fi ẹ́ sílẹ̀, àbúrò. Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́." Ẹ̀mú gbé ọwọ́ àwọn méjèèjì sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹ má fà á. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Gbogbo gbọ̀ngàn ní sùúrù. Ojú tó wà lára Àrá ju ìràwọ̀ lọ, èyíkéyìí ò sì ṣẹ́jú. Ìyá Kékeré rá pálá wá sídìí wọn, báńdéèjì ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, Bọ̀dá Àrá," ó ní. "Kì í dunni. Ó máa tú." Ó gbójú sókè. "Ṣé ẹ ò ní pariwo mọ́?"

Àrá la ẹnu. Ohùn tó ṣí òkè nídìí, tí ìjì bẹ̀, kò lè ṣí eṣinṣin nídìí àga. Ó mi orí pé òun ò ní pariwo mọ́.

Ìka kan tú. Ìka kejì tú. Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe tú báyìí, Àrá ki eré mọ́lẹ̀. Ó fò bẹ́ǹṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó fi orí gbá ilẹ̀kùn nítorí ó gbàgbé pé inú ló ń ṣí sí, ó fi fìlà sílẹ̀, ó fi bàtà kan sílẹ̀, ó sì gba ojú ọ̀nà lọ, láìpariwo.