Kókókó àbí Kòkòkò

Nígbà tí etí Bàbá Mẹkáníìkì ṣì jẹ́ etí, ta ló tó bá a jiyàn nípa ariwo ẹ́ńjìnnì? Ọkọ̀ á ṣì wà ní ìkóríta, bàbá á ti sọ ohun tó ń ṣe é. Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é. Ó dáa, arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí etí náà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, agídí ò sì jẹ́ kí bàbá sọ fún ẹnì kankan. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Màmá ni gbogbo oníbàárà ń pe ìyàwó yìí. Orí àpótí kan lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ló máa ń jókòó sí, tí á máa ṣa nọ́ọ̀tì ọkọ̀ sínú agolo. Bí wọ́n bá ti sítáàtì ọkọ̀, á dìde bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan, á gba ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ kọjá. Bí ariwo bá ń dún kókókó, tó jẹ́ pé orí ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá, èjìká ló máa fọwọ́ kàn. Bó bá ń dún kòkòkò, tí ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọn ò lè dé láì tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀, á gbá a ní ìbàdí. Bàbá á wúkọ́, á ní, "Mo ti gbọ́ ọ." Irọ́ gbuu! Kò gbọ́ nǹkan kan.

Màmá kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ló túfọ̀, wọ́n sin ín, kálukú padà síbi iṣẹ́. Àpótí ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e. Bàbá wá ń fi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èdè tiwa yìí, ṣé ojú lè gbọ́ ọ tán? Obìnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó ní kí bàbá má bínú pé òun pẹ́, ó ní ọkọ òun ló kú. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn ò le! Ẹ ní kí wọ́n tì í wá. Á ti máa ṣiṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́." Háà! Ọkọ ni obìnrin ń wí, ọkọ̀ ni bàbá fi ojú gbọ́. Orí ló yọ ọ́ tí wọn ò nà án. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé bàbá ti ń ṣarán, oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọjọ́ míì wà tí ilẹ̀ á mọ́, tí á tún ṣú, tí ẹnikẹ́ni ò ní yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan yà wọlé. Bàbá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ogún ọdún ló fi ń tún un ṣe fún ẹni tó ni ín. Ọmọ ẹni tó ni ọkọ̀ ló wà á wá, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, tó ti ń kọ́ ọmọ níwèé nílùú mìíràn láti bí ọdún mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀, ó yíjú sí apá ibi àpótí, ó sì sọ nǹkan kan. Bàbá ò rí ètè rẹ̀.

"Dáadáa ni, a dúpẹ́." Bó ṣe máa ń dá gbogbo ohun tí kò bá gbọ́ lóhùn nìyẹn.

Tíṣà wá kọjú sí i. "Bàbá, ariwo kan ń dún nínú ọkọ̀ yìí. Àárọ̀ ọ̀la ni mo sì máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ mi. Ọ̀nà yẹn jìn, inú igbó ni."

"Báwo ló ṣe ń dún?"

Ètè ọmọ náà ká róbótó lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ko, ko, ko.

Kó ni àbí kò ni? Ètè kì í sọ ìyẹn. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kó sítáàtì. Ó fi ọ̀pá irin kan ti ẹ́ńjìnnì, ó fi eyín di orí kejì mú, bóyá eyín á bá a gbọ́. Gbogbo ara ọkọ̀ àgbà náà ló ń gbọ̀n, eyín bàbá ń gbọ̀n, kò mọ èwo ni àìsàn, èwo ni ọjọ́ orí. Bó bá ní kókókó ni, tó sì jẹ́ kòkòkò, ẹ́ńjìnnì á fọ́ mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́ nínú igbó, òun nìkan. Bó bá ní kòkòkò ni, á tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan palẹ̀, ọmọ ò ní lè lọ lọ́la, ṣọ́ọ̀bù á sì tì pátápátá.

Kò mọ̀ pé òun ti dúró sójú kan, tí òun ń retí ọwọ́. Ó dúró títí. Kò sọ́wọ́. Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ gidi. Ó yọ ọ̀pá kúrò lẹ́nu.

"Ọmọ mi," ó ní, "mi ò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi ti di."

Tíṣà lanu. "Ẹ̀yin kẹ̀? Elétí Ehoro?"

"Ehoro ti sá lọ, ó ku etí. Wá síbí. Bó bá ń dún lókè bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, fọwọ́ kàn mí léjìká. Bó bá ń dún nílẹ̀ bí ẹni ń gún nǹkan, fọwọ́ kàn mí ní ìbà... ní ìgbọ̀nwọ́."

Tíṣà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bà lé èjìká bàbá. Oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án níbẹ̀ kẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọmọ náà má baà rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó ṣí orí rẹ̀, ó ń di àwọn ibi tó ti ṣò le lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dé e padà. Wọ́n sítáàtì. Tíṣà tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ó ti dákẹ́!" Ojú bàbá gbọ́ ìyẹn kedere.

Ọmọ náà dúpẹ́ títí, ó wọ ọkọ̀. Bàbá di ilẹ̀kùn mú.

"Nígbà tí o dé, o bi mí ní nǹkan kan. Mi ò gbọ́, mo kàn dáhùn ni. Kí lo wí?"

Tíṣà rọra sọ ọ́, kí bàbá lè rí i. "Mo ní, Màmá ńkọ́? Ẹ ní dáadáa ni."

Bàbá wo àpótí. Èèyàn mélòó ló ti bi í bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ, tó ní dáadáa ni, a dúpẹ́?

"Màmá ti kú, ọmọ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò gbọ́ ọ. Ojú Tíṣà ló fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde.