Àlejò Pupa

Ìyá yíjú sí ògiri, ó pa ẹnu dé. Ṣíbí ẹ̀kọ mímu dúró lọ́wọ́ Waheedat, ẹ̀kọ ń kán sórí ẹní.

"Ìyá mi, èmi ni. Èmi Waheedat."

"Ẹ má bínú, màdáámù," ni ìyá tó bí i lọ́mọ wí. "Ọmọ mi kọ́ nìyí. Waheedat tèmi dúdú. Adúmáadán ni."

Bàṣírátù, ìyàwó àbúrò Waheedat, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀. Òun ló pe Waheedat ní Ṣakí pé kó tètè máa bọ̀ ní Ilua. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá ni iyè rẹ̀ ti ra. Ó ní wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, àfi oúnjẹ tó bá ti ọwọ́ Waheedat wá. Láti àná, ohunkóhun ò tíì kan ọ̀fun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò ṣeé lò láìjẹun. Bí kò bá sì lò ó, àrùn náà lè padà wá mú un lọ.

Waheedat ò délé mọ́ láti ìgbà tó ti ń ta ìpara abóra. Fóònù ló fi ń kí ìyá rẹ̀. Ara òun fúnra rẹ̀ ni pátákó tó fi ń polówó ọjà fún àwọn ọmọ Pólì. Bó ṣe ń pupa sí i ni ọjà ń yá. Kí wọ́n tó máa pè é ní Òyìnbó, ta ló ń pè é? Oyè náà dùn mọ́ ọn, ká má parọ́. Omi wá tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Oríkèé ìka rẹ̀ nìkan ni ìpara ò rí ti ṣe. Wọ́n ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ wo ibí yìí, Ìyá mi. Àwọ̀ tí ẹ bí mọ́ mi rèé."

Ìyá fi àtàǹpàkò ra á. "Ó mà ṣe o. Iná ló jó yín?"

Waheedat bú sẹ́kún. "Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ohùn mi!"

"Ohùn yín jọ tirẹ̀." Ìyá gbá a lọ́wọ́ mú. "Àbí ẹ wá túfọ̀ rẹ̀ ni? Ṣé ọmọ mi ti kú? Ẹ sọ fún mi!"

"Àǹtí Ṣakí, ẹ jọ̀ọ́," Bàṣírátù rọra wí, "ẹ má bá wọn jiyàn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn á tún ga sí i."

Waheedat nu ojú rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun. Ó dìde, ó sì tún kúnlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Kò kú o, mà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí. Ó ti wà lọ́nà, ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́. Òun ló se ẹ̀kọ yìí rán mi, ó ní kí n máa fún yín mu kó tó dé."

"Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sè é?"

"Ọwọ́ ara rẹ̀ ni, mà."

Ìyá la ẹnu. Ó mu ún títí ẹ̀kọ fi tán. Waheedat fi oògùn sí i lẹ́nu, ó gbé e mì, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀.

"Ẹ ṣeun, màdáámù," ni ìyá wí, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. "Tó bá ti dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí mi."