Ta Ló Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Bihogo?

Àwọn màlúù Bàbá Rutaro kò lè jẹun mọ́. Ìléròrò ti bo ahọ́n wọn, pátákò wọn ń ṣí, itọ́ sì ń já bọ́ lẹ́nu wọn bí òwú tí kò lópin. Wàrà tí wọ́n bá fún láàárọ̀, inú koríko ni wọ́n ń dà á sí, nítorí ìjọba ti ti ọjà pa, ọkọ̀ tó ń gbé wàrà kò sì wá mọ́. Àwọn ajá ti lá a títí ó fi sú wọn.

Kembabazi, dókítà ẹran agbègbè náà, dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń wo àwọn ìwo gígùn tí oòrùn àárọ̀ ń tàn sí. Ọmọ bíbí agbègbè Nyabushozi ni, àárín màlúù ló dàgbà sí. Ṣùgbọ́n lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìjọba ti kó òun àti àwọn dókítà ẹran mìíràn jọ láti kọ́ wọn bí a ṣe ń tọpa àrùn láti agbo kan dé òmíràn. Wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú kíláàsì ní ìlú Mbarara, wọ́n sì ti wá dé inú oko gan-an. Gbólóhùn kan ni olùkọ́ wọn fi ń jí, òun náà ló fi ń sùn: "Àrùn ò lẹ́sẹ̀. Ẹ wá ẹni tó gbé e."

Ogwang ni wọ́n pín mọ́ ọn, dókítà láti Lira lápá àríwá, tí kò gbọ́ èdè àwọn ará ibí rárá. Kembabazi ló ń túmọ̀ fún un.

"Bi wọ́n pé màlúù mélòó ni wọ́n ní," ni Ogwang wí.

"Mi ò lè bi wọ́n. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá lé wa ni?"

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, màlúù sì ni ọmọ níbẹ̀ yẹn.

"Báwo la ṣe máa wá mọ iye wọn?"

"Jẹ́ kí wọ́n dárúkọ wọn."

Bàbá Rutaro, tó jẹ́ alága abúlé, bẹ̀rẹ̀ sí í na ọ̀pá sí àwọn màlúù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dárúkọ wọn, ó sọ ìyá tó bí wọn, ó sọ èyí tó máa ń ṣe àfojúdi. Ogwang kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tí ó parí, ó yọ́ sọ ọ́ sétí Kembabazi: "Mẹ́tàdínláàádọ́ta."

"Pa ẹnu mọ́! Wọn ò mọ̀ pé o ka màlúù wọn."

"Kí lẹ tún ń kọ?" ni Bàbá Rutaro bi wọ́n. "Ẹni tó kó àrùn wá, a ti mọ̀ ọ́n. Bagambe ni. Ṣebí ẹnu ibodè ló ti kó màlúù ẹ̀ wá lóṣù kìíní? Ìwọ náà lo sọ ọ́, ọmọ mi. O ní màlúù ẹnu ibodè ló máa ń gbé e wá. Ọ̀la ló ń kúrò lábúlé yìí, tòun tìyàwó ẹ̀."

 Lóòótọ́ ni Kembabazi sọ ọ́, lọ́jọ́ tí ìròyìn àrùn náà kọ́kọ́ jáde. Ó ti gun alùpùpù rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n bi í, ó kàn ju ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó sì lọ. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ di ìdájọ́.

Ó wo ìwé ìbéèrè tí olùkọ́ wọn fún wọn, ó ka èyí tó kàn. "Bàbá, èwo ló kọ́kọ́ ṣàìsàn? Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án?"

"Bihogo ni, èyí pupa yẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwọ náà lo fọwọ́ kàn án! Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, o ní ẹ̀gún ló gún un, o fi okùn rẹ so orí ẹ̀ mọ́ igi." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Ó ń bi mí ní ohun tó mọ̀!"

Kembabazi náà rẹ́rìn-ín. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún Ogwang, Ogwang rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ opó kan tó ń jẹ́ Kesande ni wọ́n yà lẹ́yìn ìyẹn, ní ẹ̀yìn òkè kejì.

"Kyasha ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, èyí tó ní funfun níwájú orí," ni Kesande wí. "Ọjọ́ karùn-ún tó bímọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tiro."

"Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án?"

"Háà, dókítà, ta ni ì bá tún jẹ́? Ṣebí ìwọ lo gbẹ̀bí fún un. Ẹsẹ̀ lọmọ fi ń bọ̀, o fi okùn yẹn fà á jáde. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ."

 Ìbéèrè tí Kembabazi bi í tẹ̀lé e kò sí nínú ìwé.

"Ọjọ́ wo ni, ìyá?"

"Ọjọ́ Ajé. O ní ọ̀dọ̀ alága lo ti ń bọ̀."

Ó yíjú wo alùpùpù rẹ̀. Okùn náà wà níbẹ̀, ó ti ká a sẹ́yìn ìjókòó, okùn tí bàbá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó di dókítà. Itọ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ń dán bí ipa ìgbín. Kò sí oko tí ó wọ̀ tí kì í fi oògùn apakòkòrò fọ bàtà rẹ̀ kí ó tó wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Òun ló kọ́ gbogbo àgbègbè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàtà nìkan. Kò fọ okùn yẹn rí láyé rẹ̀.

Ó yí ojú kúrò lára okùn náà.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Ogwang bi í, bírò rẹ̀ ti wà lórí ìwé.

"Wọ́n ní àwọn ò rántí."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

Nílé Bagambe, ìyàwó ọkùnrin náà ń ká ẹní. Ìkòkò ti wà nínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn màlúù dùbúlẹ̀, wọn kò lè dìde, ó sì hàn sí ẹnikẹ́ni tó bá lójú pé ojú ọ̀nà ni wọ́n máa kú sí bí wọ́n bá lé wọn jáde lọ́la.

"Gaaju ni àkọ́kọ́," ni Bagambe wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kàn án, dókítà. Lọ́jọ́rú yẹn tí ẹ wá wo ojú ẹ̀, tí ẹ fi okùn mú un lórí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Ìrànlọ́wọ́ lẹ wá ṣe. Bóyá orí tèmi ni ò gbè mí."

"Kembabazi, kí ni wọ́n sọ?"

 Àwòrán ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì ti yà wà lọ́wọ́ Kembabazi. Wọ́n ti ya odò sí i, wọ́n ti ya ọjà, ibi tí ẹran ti ń lá iyọ̀, ọ̀nà ibodè. Ohun tó ń káàkiri gbogbo ọgbà náà lójoojúmọ́ nìkan ni wọn kò yà. Ó gba bírò lọ́wọ́ Ogwang, ó fa ìlà kan láti ọ̀dọ̀ Rutaro dé ọ̀dọ̀ Kesande, ó sì fà á dé ibi tí wọ́n dúró sí.

"Wọ́n ní èmi ni," ni ó wí. "Ìyá Kesande náà wí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Ogwang wo ìlà náà, ó wo alùpùpù, ó sì jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Yéè! Okùn?"

"Okùn ni."

"O mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni Kembabazi fi rìn dé abẹ́ igi tí abúlé ń péjọ sí, okùn náà wà nínú ọ̀rá tí ó dì pa. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀gún tí kò sí lẹ́nu Bihogo. Ó sọ irọ́ tí ó pa.



"Ọmọ mi," ni Bàbá Rutaro wí, "ṣé o fẹ́ ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi ni?"

"Rárá, Bàbá. Bihogo, lẹ́yìn náà Kyasha, lẹ́yìn náà Gaaju. Ẹ̀yin lẹ dárúkọ wọn fún mi. Ọ̀dọ̀ yín ló ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo gbé e kiri."

Kò sẹ́ni tó lè jiyàn, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ àwọn màlúù náà, tí kò sì mọ èyí tó ṣáájú. Kesande káwọ́ lérí. "Ọmọ tí mo ń gbàdúrà fún!" ni ó kígbe, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.  Bàbá Rutaro yíjú sí Bagambe, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

"Lọ sọ ẹrù rẹ kalẹ̀," ni ó wí.

Kembabazi dáná, ó sì ju okùn bàbá rẹ̀ sí i. Èéfín rẹ̀ ń rùn bí ẹran. Gbogbo èèyàn ti túká, àfi Bagambe, tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń wò ó.

"Bí ẹsẹ̀ àwọn màlúù mi bá jinná," ni ó bi í, "ṣé ẹ ṣì máa wá wò wọ́n?"

"Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kí n wá."

Iná ń ta pàràpàrà láàárín wọn.

"Ẹ máa bọ̀," ni Bagambe wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má mú okùn wá. Mo ní tèmi."